Ojú Àbúrò Rẹ Kì Í Ṣe Pátákó Ìpolówó

Ìlogbò-Èkìtì,
Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé.

Tèmítọ́pẹ́, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, mo kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ ní Ìjerò. Ara bàbá rẹ le. Ara tèmi náà le, inú mi ni kò dùn. Mo ti kí ọ tán báyìí, kí o má baà ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀ kí o wá sọ pé ìyá rẹ bínú débi pé kò rántí kí ọmọ rẹ̀.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé ni pé fóònù ti sú mi. Gbogbo ìgbà tí mo pè ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwọ lo sọ̀rọ̀ jù. O ní, "Màámi, kò yé yín ni," o ní oníbàárà ń dúró dè ọ́, o sì pa á mọ́ mi létí. Ìwé kò ṣeé pa. Jókòó, kí o kà á.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ náà, tí àwa obìnrin lọ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Dárà tó ń ta aṣọ ní Arámọkọ fà mí sẹ́yìn ilé, ó yọ fóònù jáde. Ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ló fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí i láti ṣọ́ọ̀bù rẹ tí o ti ń fi abẹ́rẹ́ fín ojú àwọn obìnrin, ó ní irú rẹ̀ lòun fẹ́ kí wọ́n fín sójú òun kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ló wà nínú àwòrán náà, àmì wínníwínní pupa rúsúrúsú sì kún ibẹ̀. O kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ sábẹ́ rẹ̀, o wá kọ ọ́ pé: "Ó jọ ti àbínibí. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé wọ́n fín in ni." Mo ti fẹ́ máa yin iṣẹ́ ọmọ mi kí Ìyá Dárà tó fi ìka kan ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Yèyé Tọ́pẹ́, ẹ wo àpá yìí. Ṣé kèé ṣe ti Ìtùnú rè é?"

Ti Ìtùnú ni. Mo mọ àpá yẹn ju bí mo ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Mo dá fóònù padà fún un, mo ní ó kàn jọ ọ́ ni, mo sì kúrò níbẹ̀. Irọ́ ni mo pa nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì nítorí tìrẹ.

Ìtùnú, àbúrò rẹ kan ṣoṣo, àfín ni. Mo mọ̀ pé o mọ̀. Mò ń sọ ọ́ nítorí pé nínú gbogbo ohun tí o kọ sábẹ́ àwòrán yẹn, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni kò sí níbẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́ kan tó fi àmì sójú rẹ̀. Oòrùn ló fi í síbẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láti kékeré, nígbà tí a kò tíì gbọ́n tó láti bò ó.

Ó dà bí ẹni pé afẹ́fẹ́ Ìjerò ti mú ọ gbàgbé, jẹ́ kí n rán ọ létí. Ọmọdé ìyàwó ni mí nígbà tí mo bí i, ohun tí wọ́n bá ní kí n ṣe ni mo máa ń ṣe. Ìyá bàbá rẹ ní, "Àfín kèé jẹ iyọ̀," ọ̀rọ̀ sì parí. Ọbẹ̀ aláìníyọ̀ ni mo ń sè fún Ìtùnú títí ó fi ń sáré, ọmọ náà a sì máa wo àwo tìrẹ, á máa sunkún. Ìwọ lo máa ń fi ọbẹ̀ sábẹ́ ẹ̀bà bù fún un níkọ̀kọ̀, mo rí ọ, mo ṣe bí ẹni pé mi ò rí ọ. Iyọ̀ tí kò ṣe é ní nǹkan kan la lé jìnnà sí i. Oòrùn tó ń jẹ ẹ́ lójú, a ò bìkítà fún un. Mo ń pọ̀n ọ́n lọ sí oko kòkó lọ́sàn-án gangan, orí rẹ̀ lásán, mo ń sá kòkó lórí ẹní, òun náà ń yá oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì kan dá mi dúró lójú ọjà Arámọkọ tó bi mí bóyá mo fẹ́ yan ọmọ náà jẹ ni, inú bí mi sí i. Nígbà tí mo délé ni mo tó wo ojú ọmọ mi dáadáa, mo sì sunkún.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rán fìlà. Gbogbo àjákù aṣọ tó bá ṣẹ́kù lórí máṣíìnì mi, fìlà ńlá tó bo etí tó bo ọrùn ni mo ń fi í rán. Bàbá rẹ ra agbòòrùn, ó ń fi sin ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé, ó ń fi sin ín bọ̀, nígbà tí òjò kò rọ̀, títí gbogbo Ìlogbò fi ń pè é ní Baba Alágbòòrùn. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èmi fúnra mi ń tijú, ṣùgbọ́n bàbá rẹ kò dá wọn lóhùn rí. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo máa ń mú Ìtùnú lọ sétí fèrèsé, mo máa ń wo àmì ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ọ̀kan ti ń tóbi, bóyá ọ̀kan ti ń yún un. Ọ̀kan tóbi lóòótọ́, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Ó di egbò tí kò jinná. Dókítà ní Adó ní tí a bá pẹ́ sí i, jẹjẹrẹ ni yóò dà, wọ́n sì gé e. Ìwọ lo jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ lo dì í lọ́wọ́ mú.

Nítorí náà, kí o tó tún sọ fún mi pé kò yé mi, jẹ́ kí ó yé ìwọ ná. Ohun tí mò ń wò tẹ̀rùtẹ̀rù lójú ọmọ mi láti ogún ọdún ó lé, òun lo so mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù, o ní kí àwọn ènìyàn wá rà á. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú ló fi ata sẹ́nu. Ohun tí kò dáa kò lórúkọ méjì, Tọ́pẹ́. Ohun tí o ṣe yìí kò dáa.

Mi ò wá sọ pé kí o pa ṣọ́ọ̀bù rẹ tì. Èmi ni mo rán kọ́tìnì tó wà níbẹ̀, èmi ni mo gbàdúrà lọ́jọ́ tí o ṣí i. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń mọ ohun tó rẹwà. Ìmọ̀ràn ni mo fẹ́ fún ọ. Ibi tí ìbínú bá ti yọjú, fara mọ́ ọn.

Èkíní, mọ̀ pé ojú kò ní ààrọ̀. Nígbà tí a wà ní ilé ìwé girama ní Arámọkọ, àgùnbánirọ̀ obìnrin kan wá kọ́ wa. Ó ní àmì dúdú kékeré kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, lókè ètè, gbogbo àwọn ọmọkùnrin sì ń ya wèrè nítorí rẹ̀. Àwa ọmọbìnrin bá lọ sídìí igi kajú. A fọ́ èèpo èso rẹ̀, a fi igi ìṣáná tọ́ omi rẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. A ní tó bá di àárọ̀, àwa náà yóò ti di àgùnbánirọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú mi ti wú, ibẹ̀ ti bó, ìyá mi sì fi kún un. Àpá yẹn tí o máa ń fi ìka tẹ̀ nígbà tí o wà lẹ́nu ọmú, tí o rò pé Ọlọ́run ló dá a mọ́ mi, kajú ni. Mi ò tíì rí ọkùnrin kan tó ya wèrè nítorí rẹ̀, bàbá rẹ pàápàá ní òun kọ́kọ́ rò pé làpálàpá ni. Mo wá mọ̀ pé ohun tó wu ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kì í pẹ́ sú u, ṣùgbọ́n awọ ara kì í tètè gbàgbé.

Nítorí náà, èkejì: má ṣe fi abẹ́rẹ́ kan ojú ọmọdé. Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ ilé ìwé ń wá bá ọ. Bí ó bá sunkún, bí ó bá ní gbogbo ẹgbẹ́ òun ti ṣe é, ní kó lọ mú ìyá rẹ̀ wá. Bàbá mi, ará Ẹ̀fọ̀n, o kò bá a láyé dáadáa. Wọ́n kọ ilà bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì nígbà tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì. Kò bú àwọn òbí rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà kan tí àwọn ọ̀dọ́ fi í rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò, ó yíjú sí mi, ó ní ẹni tó kọ ọ́ ti kú, òun ni òun ń gbé e kiri. Àgbà tó mọ ohun tó ń ṣe, tó sì wu ú kó dà bí ẹni tí oòrùn wọ́n ata sí lójú, èyí kò kàn mí. Ojú rẹ̀ ni, òun ni yóò gbé e.

Ẹ̀kẹta ni ti ọwọ́ rẹ. Ìwọ tó ń wo ojú ènìyàn nítòsí bẹ́ẹ̀, tí o ń tan iná sí i, o lè rí ohun tí ẹni tó ni ín kò rí. Bí o bá rí àmì tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n ní ó ń tóbi, gbé abẹ́rẹ́ rẹ sílẹ̀. Má fín nǹkan kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti fi bò ó. Ní kí ó lọ rí dókítà. Bí o bá ti ṣe èyí fún ẹnì kan ṣoṣo, mo ti dárí ìdajì ẹ̀ṣẹ̀ rẹ jì ọ́. Ìdajì nìkan.

Mi ò rántí iye tí mo kà dé mọ́, ọ̀rọ̀ yìí ni mo sì fẹ́ sọ láti àárọ̀. Ọ̀gá mi tó kọ́ mi ní iṣẹ́ ìránṣọ ní Ìkòrò, ìyá tí kì í rẹ́rìn-ín, ní òfin kan. Bí aṣọ tí a rán bá dára bí kí ló dé, a kò gbọ́dọ̀ gbé e kọ́ síta kí àwọn tó ń kọjá lè rí i, àfi tí a bá bi ẹni tó ni ín. A máa lọ sí ilé oníbàárà, a máa kúnlẹ̀, a máa ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè gbé e kọ́ títí di ọjọ́ ọjà?" Tó bá ní rárá, a ká a sínú àpò. Inú ṣọ́ọ̀bù mi lo dàgbà sí, o sì rí mi tí mò ń bèèrè. Aṣọ nìyẹn o, aṣọ tí èèyàn lè bọ́ sílẹ̀ tó bá délé. Ojú àbúrò rẹ wá di ohun tí o lè gbé kọ́ láìbèèrè.

Mo mọ bí o ṣe rí àwòrán náà. Ọjọ́ Àjíǹde ni, lẹ́nu ọ̀nà. O ní kí Ìtùnú jẹ́ kí o wo bí fóònù rẹ tuntun ṣe mọ́ tó. Ọmọ tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya òun, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ṣí fìlà rẹ̀ fún ọ. Mo dúró nínú ilé, inú mi dùn, mo ní àwọn ọmọ mi fẹ́ràn ara wọn.

Wàyí o, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, tíṣà kan bíi tirẹ̀ rí àwòrán náà, ó rí àpá, ó mọ ẹni tó ni ín. Obìnrin yẹn kò ní ìkà nínú, mo mọ ìyá rẹ̀. Ó kàn ń ṣeré ni, níwájú àwọn yòókù, ó ní, "Ìtùnú, wọ́n ń sanwó fún un ní Ìjerò, Ọlọ́run ti bá ìwọ ṣe tìrẹ lọ́fẹ̀ẹ́." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìtùnú náà rẹ́rìn-ín, ó ní kò fẹ́ kí wọ́n rò pé òun bínú. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tínú ń run. Ó délé, ó wọ yàrá, kò sì ṣí fìlà rẹ̀ nínú ilé. Láti ìgbà náà kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Ọ̀gá ilé ìwé ti ránṣẹ́ wá pé bí kò bá padà dé, àwọn yóò gba ẹlòmíràn. Bí mo bá wọlé tọ̀ ọ́, ohun kan náà ló ń sọ: "Mè é jáde ní ulé." Iṣẹ́ tó fi ọdún mélòó wá, tí ilé ìwé mẹ́rin kọ̀ láti fún un nítorí wọ́n ní ẹ̀rù rẹ̀ yóò ba àwọn ọmọ, tí àwọn ọmọ náà wá ń sáré dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ láràárọ̀. Òun ló fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yìí.

O ní iyì lo fẹ́ fi kàn án. O ní o fẹ́ kí ayé rí i pé ojú rẹ̀ rẹwà. Mo gbọ́. Mo tilẹ̀ gbà pé ó wà nínú ọkàn rẹ, nítorí mo mọ irú ọmọ tí mo bí. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ kí ayé rí i, kí ló dé tí o gé irun rẹ̀ kúrò nínú àwòrán? Kí ló dé tí o gé ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì kúrò? Gbogbo ibi tí ènìyàn lè gbà mọ̀ pé àfín ni, o gé e dànù. O mú àmì rẹ̀, o fi Ìtùnú sílẹ̀. Èyí ni kò jẹ́ kí n sùn, Tọ́pẹ́. Ẹni tí a bá fẹ́ yìn, a máa ń dárúkọ rẹ̀ ni.

Yọ àwòrán yẹn kúrò lónìí, kí o tó jẹun. Bí àwọn oníbàárà rẹ bá fẹ́ rí àpẹẹrẹ, fín in sí ojú ara rẹ kí wọ́n máa wò ó.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí mo pè ọ́ kẹ́yìn, o ní kí n má dààmú, pé ohun tí ẹ ń fín yẹn kì í ṣe títí ayé. O ní tó bá di bí ọdún kan tàbí méjì yóò ṣá, yóò parẹ́, ojú á sì padà sí bó ṣe wà. Mi ò mọ̀ pé Ìtùnú wà lẹ́nu ọ̀nà, ohùn rẹ sì ń jáde ketekete nínú fóònù. Àná, bí mo ṣe ń fi ìkunra pa á lẹ́yìn ọrùn, ó ní, "Màámi, tí ẹ bá ń kọ̀wé sí Àǹtí mi, ẹ má bá a jà. Ẹ ṣáà bá mi bi í, kí ló ń fi sí tàwọn yẹn tó fi ń parẹ́?"

Èmi kọ́ ni mo kọ́ṣẹ́ yẹn, ìwọ ni. Má ṣe fi èsì náà rán mi, má sì fi fóònù sọ ọ́. Wá sí ulé, jókòó síwájú àbúrò rẹ, kí o dá a lóhùn.

Èmi tí mo bí ẹ̀yin méjèèjì,
Màámi.